Wáyà Mẹ́wàá Tí Lìádì Gé Kúrú

Ẹ̀yin tí ẹ ń bínú ẹnì kan, tí ẹ ń ṣọ́ ọjọ́ tí ọwọ́ yín máa tẹ̀ ẹ́, ẹ dúró ná. Ẹ ka èyí tán kí ẹ tó ṣe ohun tó wà lọ́kàn yín.

1.
Lìádì ni wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ ológeere tó bá bàjẹ́ wá fún ní Erunmu. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ kan, Dìpẹ̀ ọmọ Àpèkẹ́, tó máa ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ìje, sọ lójú gbogbo èèyàn pé, "Lìádì wo? Bàìbàì ni bàbá yẹn ń ríran. Kẹ̀kẹ́ tó bá tún ṣe, bí ẹni ọtí ń pa ló máa ń rìn." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mùjíbátù, ìyàwó Lìádì, náà rẹ́rìn-ín kó tó fọwọ́ bo ẹnu.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni ẹ̀rín yẹn fi ń dún létí Lìádì. Bó bá ń jẹun, ó ń gbọ́ ọ. Bó bá ń ṣe àlùwàlá, ó ń gbọ́ ọ.

2.
Nígbà tó yá, Dìpẹ̀ ra ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ méjì, àwọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń sáré. Ó fẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ bọ́ọ̀lù irin inú wọn, kí wọ́n fi gíríìsì tuntun sí i, kí wọ́n sì pààrọ̀ gbogbo wáyà tó di rímù mú. Eré ìje ń bọ̀ ní Alákìá lọ́jọ́ Sátidé. Ta ló tún mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ládùúgbò? Lìádì náà ni.

"Bàbá, ẹ bá mi ṣe é dáadáa o."

"Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi."

Ẹ gbọ́ "ọmọ mi" lẹ́nu ìkà! Bí Dìpẹ̀ ṣe yíjú báyìí, Lìádì fi píláyà gé ẹnu wáyà mẹ́wàá kúrú nínú ẹsẹ̀ iwájú, kí nọ́ọ̀tì tó dè wọ́n mọ́ rímù lè kàn fẹnu bà wọ́n lásán. Ó fi táyà bò ó. Ó yí i, ó ń lọ geerege.

Mùjíbátù rí i. "Bàbá Mahfuz, kí lẹ̀ ń gé yẹn?"

"Wọlé lọ."

"Ẹ̀mí èèyàn ni o!"

"Mi ò pa á. Kó ṣubú lójú ayé ni mo fẹ́. Kí wọ́n fi òun náà ṣe yẹ̀yẹ́."

3.
Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, èèyàn kún iwájú ṣọ́ọ̀bù. Dìpẹ̀ wá gbé ẹrù ẹ̀. Kò tíì fọwọ́ kàn án tó fi dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí yín lọ́jọ́sí, ìwà ọmọdé ni. Ojú gbogbo ayé ni mo ti bú yín, ojú gbogbo ayé náà ni mo ti ń bẹ̀ yín."

Inú Lìádì dàrú. Ohun tó ti ń wá láti ọdún mẹ́ta nìyí, ẹnikẹ́ni ò sì ṣubú. Gbólóhùn kan ló kù kó sọ: "Fi í sílẹ̀, mo fẹ́ tún un yẹ̀ wò." Mùjíbátù ń fa aṣọ ẹ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n wọ́n á bèèrè ohun tó kù. Wọ́n á ní lóòótọ́ ni pé kò ríran mọ́. Ló bá gbé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà fún Dìpẹ̀, ó ní, "Ọlọ́hun á forí jì wá. Lọ gba ipò kìíní wá."

4.
Dìpẹ̀ ò dé ibi eré ìje. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lọ́nà Alákìá ni àwọn wáyà náà ti já, ẹsẹ̀ iwájú ká kò, ó gbé e jù sábẹ́ tírélà. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀ lókè orúnkún.

Mùjíbátù ò lè gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Òun fúnra ẹ̀ ló lọ sọ ohun tí ọkọ ẹ̀ ṣe fún Àpèkẹ́. Ìdílé Ògún ni Àpèkẹ́ ti wá, gbogbo ìlú sì ń retí kó fi irin ṣépè. Lìádì gan-an lọ dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ń sunkún.

"Ìyá Dìpẹ̀, ẹ ṣépè fún mi, ẹ pe ọlọ́pàá, kó tán."

"Kó tán kẹ̀? Èpè á tètè pa ọ́. Ọlọ́pàá á tì ọ́ mọ́lé, mi ò ní máa rí ọ. Rárá o."

Láti ọjọ́ tí Dìpẹ̀ ti kúrò ní ọsibítù, gbogbo àárọ̀ tí Lìádì bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, Àpèkẹ́ á gbé bẹ́ǹṣì síwájú ẹ̀, á mú ọmọ ẹ̀ jókòó sórí ẹ̀. Wọn ò bú u. Wọn ò bá a jà. Oníbàárà tó bá ń gbé kẹ̀kẹ́ bọ̀ á wo ẹsẹ̀ tí kò sí, á yí padà. Lìádì kó ṣọ́ọ̀bù lọ sí Ajíbọ́dé. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, tìyá-tọmọ ti dé ibẹ̀ pẹ̀lú bẹ́ǹṣì wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá," ni Dìpẹ̀ máa ń kí i.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi iṣẹ́ ọwọ́ yín gbẹ̀san lára ẹni tó gbé ẹ̀mí ẹ̀ lé yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá sì ti bẹ̀rẹ̀, tí ojú ń tì yín láti jẹ́wọ́, ẹ jẹ́ kó tì yín! Ẹ pariwo kí ẹni náà tó gun kẹ̀kẹ́. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ mọ̀ pé ó ń di ẹlòmíì sínú. Ìtìjú ọjọ́ kan péré ni Lìádì ń sá fún. Ní báyìí, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kí i kú iṣẹ́, kò sì sí iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ ẹ̀.