Àwo Kúskúsù Lẹ́bàá Okùn

Jímọ̀ tún dé, màmá mi tún ń gbé kúskúsù lọ fún sójà Sípéènì yẹn.

Ẹran tó dáa jù ló wà lórí ẹ̀. Èmi tí mò ń pẹja bọ́ wọn, eegun ni tèmi!

Okùn kan ló pààlà sórí iyanrìn wa ní Badis. Ìhín Mòrókò, ọ̀hún àpáta Sípéènì. Àpáta lásán, Sípéènì ò jẹ́ fi sílẹ̀, torí ẹni tó bá wà lórí ẹ̀ ló ń rí gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá.

“Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ bí sójà yẹn ni?”

Wọ́n kàn fi aṣọ bo àwo náà.

Mo já àwo gbà, ó di ẹ̀bá okùn.

“Ìwọ sójà! Ṣé o ò ní ìyá ni?”

Èdè Ríìfù wa ló fi dáhùn. “Mo ní. Ọ̀dọ̀ ẹ ni wọ́n wà.”

Ó ṣí fìlà. Àfi bíi pé mò ń wo dígí.

“Ìbejì ni wá, Mimún. Àbúrò màmá ní Melilla, ìlú Sípéènì, ò rọ́mọ bí, wọ́n fún un ní ọ̀kan.”

Mo wo bàtà ẹ̀ tó ń dán. Owú ṣì ń gùn mí. “Ìwọ lo ṣoríire.”

Ó gba àwo lọ́wọ́ mi.

“Oríire kẹ̀? Ọmọ méjì ló wà níwájú wọn lọ́jọ́ yẹn. Ìwọ ni wọn ò lè fi sílẹ̀.”