Kaàdì Mọ́kànlélọ́gbọ̀n

Aago méje òwúrọ̀ ò tíì lù tí Rasheed fi dé ilé ìwòsàn Dókítà Adétóun Ayẹni ní Ring Road. Ó ní òṣìṣẹ́ mẹ́ta ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Bódìjà tí wọ́n lè ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí Dókítà pè é sí tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò rán ìkankan nínú wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló wakọ̀ wá láti Akóbò, kò sì jẹun kó tó kúrò nílé.

Ilé ìwòsàn àwọn tó ń wá ọmọ ni. Láyé bàbá Dókítà, àwọn ọkùnrin máa ń fi àtọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn obìnrin tí ọkọ wọn ò lè fún wọn lóyún. Bàbá ní ìwé kan tó kọ nọ́ńbà kaàdì obìnrin kọ̀ọ̀kan sí, pẹ̀lú orúkọ ọkùnrin tí wọ́n lo àtọ̀ rẹ̀ fún un. Bàbá ti kú, ìwé náà sì ti bá àgbàrá ọdún 2011 lọ. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tó kù wà nínú kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì, páásíwọ́ọ̀dù ni wọ́n fi tì í. Dókítà ò wò ó rí, nítorí bàbá rẹ̀ ti mú un búra. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, òṣìṣẹ́ kan jí orúkọ kan wò, ó sọ ọ́ síta, ilé méjì sì dàrú.

"Ẹnjiníà, mi ò fẹ́ kí ojú ẹnikẹ́ni tún rí i mọ́," ni Dókítà wí. "Èmi náà ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kó ṣeé ṣí fún mi."

"Kò le, mà. Ṣíìpù kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà yìí tó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ náà kì í jáde síta láéláé. Òun la máa fi ti páásíwọ́ọ̀dù yín pa, ẹ̀rọ nìkan ló sì máa lè ka ìwé náà. Tí ọmọ méjì bá fẹ́ fẹ́ra wọn, ẹ ó tẹ nọ́ńbà kaàdì ìyá wọn, ẹ̀rọ á sọ fún yín bóyá bàbá kan náà ló bí wọn. Kò ní sọ orúkọ."

Dókítà fún un ní ìwé pélébé tí wọ́n kọ páásíwọ́ọ̀dù sí. Ó yíjú sí fèrèsé nígbà tí Rasheed ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Rasheed ṣí ìwé orúkọ inú kọ̀ǹpútà náà, ó pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀, ó pa á dé. Òógùn bò ó lójú, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́.

Ìgbà náà ni ọmọbìnrin kan wọlé, ó mú kaàdì kan tó ti pọ́n lọ́wọ́. Olúwapamílẹ́rìn lórúkọ rẹ̀. Kò tíì sọ gbólóhùn méjì tó ti bú sẹ́kún. Dókítà ní kó lọ bọ́jú ná ní balùwẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá náà.

"Gbé ilẹ̀kùn yẹn sókè díẹ̀ kí o tó tì í," ni Rasheed wí láì gbójú sókè. "Ó máa ń há." Kò tíì dìde lórí àga láti ìgbà tó ti dé.

Nígbà tí ọmọ náà padà wá, ó ro ẹjọ́ rẹ̀. Láti kékeré ni ìyá bàbá rẹ̀ ti máa ń kì í láràárọ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá rẹ̀, àwọn ẹbí sọ fún màmá àgbà náà pé ọmọ wọn kọ́, pé kó má fi oríkì wọn kì í mọ́.

"Tí mo bá kúnlẹ̀ kí màmá àgbà, mà, 'pẹ̀lẹ́' nìkan ni wọ́n ń sọ fún mi báyìí. Mo fẹ́ mọ ilé tí mo ti wá. Nọ́ńbà kaàdì mọ́mì mi nìyí, mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

Rasheed ṣi lẹ́tà kan tẹ̀. Ó pa á rẹ́, ó tún un tẹ̀.

Ojú Dókítà ti rọ̀. "Ẹnjiníà, ṣé ẹ ti tì í?"

"Ó kù díẹ̀, mà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i fún mi lẹ́ẹ̀kan péré. Bàbá mi á forí jì mí."

Àánú ọmọ náà ṣe Rasheed, àánú gidi, ṣùgbọ́n kò gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà.

"Mà, torí pé ẹnìkan ṣí i lẹ́ẹ̀kan péré lẹ ṣe pè mí. Ọkùnrin tó ni orúkọ yẹn náà gba ìlérí lẹ́nu bàbá yín. Bóyá ó ti níyàwó. Bóyá ó ti bímọ tí wọn ò mọ nǹkan kan."

"Mi ò ní yọ wọ́n lẹ́nu, sà," ni ọmọ náà wí. "Oríkì nìkan ni mo fẹ́."

Níkẹyìn Dókítà mí kanlẹ̀. "Òótọ́ lẹ sọ. Mo ti búra."

Rasheed tẹ bọ́tìnnì. Ṣíìpù gba páásíwọ́ọ̀dù náà wọlé, Dókítà sì ya ìwé pélébé yẹn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó fi omi ṣàn án lọ. Ọmọ náà nu ojú. Ó kúnlẹ̀, ó dágbére fún Dókítà, ó sì dágbére fún Rasheed náà.

"Pẹ̀lẹ́," ni Rasheed dá a lóhùn.

Kò tíì ṣíná ọkọ̀ tí Lateefat ìyàwó rẹ̀ fi pè é lórí fóònù.

"Iṣẹ́ wo lo lọ ṣe láàárọ̀ yìí tí o ò fi jẹun?"

"Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni. Mo ti parí ẹ̀."

Nínú ìwé tí ẹnikẹ́ni ò ní rí kà mọ́ láyé, níwájú kaàdì mọ́kànlélọ́gbọ̀n àti níwájú kaàdì mẹ́fà mìíràn, orúkọ kan náà ni bàbá Dókítà kọ síbẹ̀: Rasheed Àyànkúnlé, akẹ́kọ̀ọ́, Agbowó.