Ọkùnrin Tó Tẹ̀ Lé Wúràọlá Láti Nkpor

Láti ọjọ́ tí báǹkì ti gbé Wúràọlá wá sí Onitsha ló ti ń wá ìwé kan ṣoṣo. Ìwé máńgà ni, irú ìwé ìtàn alàwòrán tí wọ́n ń ṣe ní ilẹ̀ Japan, tí à ń kà láti ẹ̀yìn wá síwájú. Yàrá rẹ̀ ní Trans-Nkisi kún fún wọn, ó sì fi náílọ́ọ̀nù wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nítorí eruku. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn tó fẹ́ràn jù, apá kan sọnù láàárín, kò sì fẹ́ fò ó kọjá. Nígbà tí ọkùnrin tó ń ta ìwé òkìríkà ní Nkpor pè é lọ́sàn-án Sátidé pé apá náà ti bá ẹrù tuntun dé, kò tilẹ̀ dúró jẹun kó tó jáde.

Ó rí i rà. Ó yẹ kó ní sùúrù títí yóò fi délé, àmọ́ ara rẹ̀ kò gbà á. Bó ṣe jókòó sínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Bridge Head ló ṣí i lé itan, ló bá gbàgbé ibi tó wà.

Ó ti kà á jìnnà kó tó mọ̀ ọ́n lára pé èémí ẹnìkan ń fẹ́ sí òun lọ́rùn.

Ó bojú wẹ̀yìn. Ọkùnrin kan ló jókòó síbẹ̀, ó ga, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú, ó sì ti tẹ̀ síwájú débi pé àgbọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀yìn àga Wúràọlá. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Ọkùnrin náà yára gbójú sí fèrèsé.

Wúràọlá rántí Oyin, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní báǹkì, tí wọ́n já báàgì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Upper Iweka lóṣù tó kọjá. Ó pa ìwé dé, ó tì í sínú báàgì, ó fa síìpù, ó sì gbá báàgì mọ́ àyà. Ó gbọ́ tí ọkùnrin náà pòṣé lẹ́yìn rẹ̀.

Ní Upper Iweka, ó sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀.

“Ọ̀gá, na Bridge Head you talk o!” ni kọ̀ńdọ́ pariwo tẹ̀ lé e.

Wúràọlá bẹ́ sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó kọ́kọ́ dúró. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí i tí ọkùnrin náà ń juwọ́ sí òmíràn. “Bóyá ọ̀nà ilé rẹ̀ náà nìyẹn,” ló sọ fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ bá yà sí ni kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn ń yà sí.

Kò jẹ́ kí oníkẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbé òun dé àdúgbò òun. Ta ni yóò fi ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ han irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ó sọ̀ kalẹ̀ lójú títì ńlá, ó kó wọ ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kan, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wá oògùn ikọ́. Láti ẹ̀yìn gíláàsì, ó ń wò ó. Ọkùnrin náà dúró sábẹ́ agboòrùn ẹni tó ń sun àgbàdo ní òdìkejì títì. Yóò tẹ̀ síwájú díẹ̀, ètè rẹ̀ yóò máa mì, yóò tún padà sẹ́yìn. Kò gbé ojú kúrò lára báàgì náà.

Wúràọlá pe Oyin lórí fóònù.

“Ẹnìkan ń tẹ̀ lé mi láti Nkpor.”

“Yéè! Kí ló fẹ́?”

“Mi ò mọ̀. Báàgì mi ló ń wò.”

“Bí tèmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wúrà, má mú un délé o. Ibi tí èrò bá wà ni kó o gbà, tó bá sún mọ́ ẹ, kígbe.”

Ó jáde. Ó kọjú sí ibi tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ máa ń tò sí. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń yára bí tirẹ̀ ṣe ń yára.

“Madam!”

Kò wẹ̀yìn.

“Madam, ẹ jọ̀ọ́!”

Ìka kan bà á lókùn báàgì.

“Onye oshi!” Kò mọ ìgbà tí igbe náà já lẹ́nu rẹ̀. “Olè! Ẹ gbà mí o!”

Kó tó yíjú padà, àwọn èrò ti bo ọkùnrin náà. Ìgbátí dún. Ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú náà ya láti ọrùn dé ìdí. Ẹnìkan ti ń bèèrè táyà. Ọkùnrin gíga náà wà lórí ìkúnlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, kò sí nǹkan kan nínú wọn.

Bàbá kan tó jẹ́ alága àwọn oníkẹ̀kẹ́ ki ara bọ àárín wọn. “Ẹ dúró ná! Madam, kí ló gbé?”

“Kò tíì gbé nǹkan kan,” ni Wúràọlá fèsì. “Láti Nkpor ló ti ń tẹ̀ lé mi, sà. Nǹkan kan ló ń wá nínú báàgì mi.”

Alága bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọkùnrin náà. “Kí lò ń wá nínú báàgì obìnrin yìí? Sọ ọ́ báyìí, kí n tó yọwọ́ lọ́rọ̀ rẹ.”

Ọkùnrin náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀, ó gbójú sókè wo Wúràọlá, ó ní, “Ẹ má bínú, madam, nínú ìwé tí ẹ̀ ń kà nínú bọ́ọ̀sì yẹn, ọmọ tó já sínú kànga, ṣé wọ́n padà rí i fà yọ?”