Ọ̀bẹ Inú Ìró Raqeebah

Ẹ̀yin ìyá, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń pọnmọ tajà, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ kà á tán, kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1.
Raqeebah ń ta ohun èlò ilé ní Okaishie, ní Accra. Kò sí ọjọ́ tí ọ̀bẹ kékeré kì í sí lára rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń ká sínú èkù. Òun ló fi ń la páálí, òun ló fi ń bó ọsàn, òun náà ló fi ń gé okùn ẹrù. Inú ìró ló máa ń fi í sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí.

Ọ̀bẹ náà wá bàjẹ́. Bó bá ká a tán, á tún ṣí fúnra rẹ̀. Raqeebah wá rọ́bà, ó fi dè é. Bẹ́ẹ̀ ọ̀bẹ tuntun irú rẹ̀ kún orí pẹpẹ, òun gan-an ló ń tà á! Ẹ wo ahun.

2.
Àǹtí Habiba, tó ń ta ọṣẹ ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tirẹ̀, rí i.

"Ei, Raqeebah! Mú ọ̀kan nínú èyí tí ò ń tà, jàre."

"Àǹtí, ọjà nìyẹn o. Ṣé kí n máa jẹ ọjà mi ni?"

"Ọmọ wà lẹ́yìn ẹ."

"Ẹ̀yìn lọmọ wà, ẹ̀gbẹ́ lọ̀bẹ wà." Ó bú sẹ́rìn-ín.

Ó rò pé òun ti fèsì. Ẹ̀yin tí ẹ ti pọnmọ rí, níbo lẹsẹ̀ ọmọ máa ń wà? Ẹ̀gbẹ́ náà ni.

3.
Ọjọ́ Jímọ̀ kan, ẹrù dé. Afeefah, ọmọ rẹ̀ tí kò tíì rìn, wà lẹ́yìn rẹ̀. Raqeebah bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé páálí abọ́. Rọ́bà ti gbó, ó já. Ọmọ figbe ta.

Ìyá rò pé oorun ni. Ó ń gbọn ìdí, ó ń fọwọ́ gbá ọmọ jẹ́jẹ́. "Dákẹ́, Afeefah. Dákẹ́, jẹ́ ká tajà." Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó gbé páálí mìíràn.

Habiba ló pariwo. "Subuhana! Raqeebah, ẹ̀jẹ̀ ń kán sílẹ̀ lára ẹ!"

Nígbà tí wọ́n tú ọ̀já, ọ̀bẹ ṣì wà ní gìgísẹ̀ ọmọ.

4.
Dókítà ní iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ti já. Wọ́n rán an, ṣùgbọ́n kò jinná bó ṣe yẹ. Khàlíl, ọkọ Raqeebah, kò bá a jà. "Ìyá Afeefah, jẹun." Ó jẹun. Wọ́n ní kó sùn, ó sùn. Omijé ò wá. Inú rẹ̀ kò dùn, kò sì bàjẹ́, ó kàn ṣófo ni, ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà á.

Afeefah ti ń lọ iléèwé báyìí. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nílé wọn ní Madina, ní Accra níbẹ̀, ó jókòó ti ìyá rẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀wà.

"Màámi, ṣé mo sunkún lọ́jọ́ yẹn?"

"O sunkún."

"Kí lẹ sọ fún mi?"

"Mo ní kí o dákẹ́."

Raqeebah ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun èlò tó bá ti bàjẹ́, ẹ jù ú nù. Ẹ má ṣe fi ohun mímú sínú ìró tí ẹ fi ń pọnmọ. Ọmọ tó bá sì ń sunkún lẹ́yìn yín, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ wò ó, ọjà á dúró. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.