Igi Ọ̀gá Májẹ̀ẹ́-n-rí

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà fẹ̀yìn tì, igi rẹ̀ kò sì tíì yọ òdòdó.

Ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ló gbìn ín síwájú ọ́fíìsì rẹ̀. Ẹni tó fún un lọ́mọ igi náà sọ pé àárín igbó kìjikìji ni wọ́n ti hú u, pé tó bá ti pé ọdún méje, yóò máa yọ òdòdó pupa tí ojú kò rí irú ẹ̀ rí. Ọ̀gá gbà á bí ẹni gba ọmọ tuntun. Nígbà tó kéré, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó kí oòrùn má baà jó o. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń bomi rin ín, ó ń kó ìgbẹ́ adìyẹ sí i, gbogbo ọjọ́ Ajé ló sì ń fi téèpù wọn ìdí rẹ̀. Ìdí náà ló mọ̀ o. Ọrùn ń dun ọ̀gá, kì í gbójú sókè wo nǹkan, igi sì ti ga ju òrùlé lọ.

Májẹ̀ẹ́-n-rí làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é, nítorí bí gbogbo àṣẹ rẹ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Má jẹ̀ẹ́ n rí ọmọ kankan nítòsí igi yìí. Má jẹ̀ẹ́ n rí pàǹtí kankan nílẹ̀ tí mo bá dé. Aago méje géérégé ló sì ń dé.

Ìyá tó ń gbálẹ̀ ni pàǹtí yìí kàn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń gbá a, títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Lọ́jọ́ kan, ó ní kóun bá ọ̀gá sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, igi yìí..."

"Màmá, ọwọ́ la gbà síṣẹ́, a ò gba ẹnu."

"Ẹ má bínú, sà." Ìyá mú ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Nílé, ìyàwó ọ̀gá kò jẹ́ kó sinmi. "Bàbá wọn, ṣé kì í ṣe pé wọ́n fi igi lásán lù yín ní jìbìtì ṣá?"

"Á yọ òdòdó. Ìdí ẹ̀ ni mo ti máa ya fọ́tò ìfẹ̀yìntì mi."

Ó ti rán aṣọ funfun sílẹ̀, kí pupa náà lè yọ dáadáa. Ọkàn rẹ̀ wà níbẹ̀ pátápátá. Láwọn àárọ̀ mìíràn, òórùn dídùn kan máa ń gba ìdí igi náà, ọ̀gá á ní àwọn tíṣà obìnrin ló tún ti da lọ́fínńdà sára. Mẹ́ta nínú wọn ti gba kúẹ́rì lórí ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn dé, kò sí nǹkan kan. Ọ̀gá wá gbọ́ pé ẹni tó fẹ́ gbapò òun fẹ́ràn òdòdó. Inú bí i.

"Kí n bọ́ ọ fọ́dún mẹ́wàá, kí ẹlòmíì wá ya fọ́tò nídìí ẹ? Kò jọ ọ́."

Ó ránṣẹ́ pe agégi. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì agégi ń han, ọ̀gá kẹ̀yìn sí igi náà. Omi lé ròrò sí i lójú, ó ní eruku ni.

"Má jẹ̀ẹ́ n rí ẹ̀ka kankan níbẹ̀ lọ́la," ló sọ fún agégi.

Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀, ó bá ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté, ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Àánú ara rẹ̀ ṣe é, ó wá dẹ ohùn.

"Màmá, ẹ fẹ́ sọ nǹkan kan fún mi lọ́jọ́sí. Mò ń lọ lónìí, ẹ sọ ọ́."

"Ọlọ́run á bá mi san oore igi tí ẹ gé yìí fún yín, sà," ni ìyá wí, "nítorí láti ọdún mẹ́ta tí igi yẹn ti ń yọ òdòdó pupa lóru, tó ń gbọ̀n gbogbo ẹ̀ dà sílẹ̀ ní ìdájí, àpò mẹ́ta mẹ́ta ni mò ń kó dànù lójoojúmọ́ kó tó di aago méje."