Ìgbín Onírun

Bí ìgbín onírun bá ń gbé inú igbó, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni gé igi ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí katakata tí wọ́n fẹ́ fi wó igi fi dúró lẹ́bàá igbó láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí ó ń retí ọ̀rọ̀ ẹnu Wúràọlá, ẹni tó ń yẹ ìgbín ibẹ̀ wò.

Ìgbín tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó hóró ìrẹsì. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ìgbín wò ti ní kò nírun, ṣùgbọ́n ooru ẹ̀rọ a máa mú irun lẹ̀ mọ́ ìkarahun. Wúràọlá mí sí i jẹ́jẹ́ kí irun lè dìde, bí Látẹ́jú ọkọ rẹ̀ ti kọ́ ọ. Inú igbó yìí ni sàréè Látẹ́jú wà. Ó tún mí sí i. Irun kankan kò dìde.

"Mọ́mì, ẹ ṣáà ní ó nírun," ni Ládélé awakọ̀ katakata wí. "Ta ló máa mọ̀?"

"Ẹni tó kọ́ mi á mọ̀. Kò nírun, ọmọ mi."

Ó gbé ìgbín náà sórí ewé tútù, ó rọra gbé e lọ sí igbó òdìkejì ọ̀nà.

"Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀?"

"Ó ku àwọn ìgbín yòókù. Bí wọ́n bá kọjá tán, wàá wá bá mi hú òkú ọkọ mi, ká gbé e lọ síbẹ̀."

Ládélé pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì já ewé tirẹ̀.