Kọ̀ǹpútà Tí Kì Í Fa Iná

Kọ̀ǹpútà náà kò ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ. Láti àárọ̀ ni Ìbídùnní, ayẹ̀rọwò ìjọba, ti ń fi kọ̀wé, tó ń fi wo fíìmù. Kò gbóná, kò pariwo, iná tó sì ń fà kò tó ti gílóòbù kan.

Ògbẹ́ni Adégòróyè tó ṣe é jókòó síwájú rẹ̀, kò dá a mọ̀. Lọ́dún tí òfin ìpín-iná bẹ̀rẹ̀, èyí tó ní kí ilé tí wọ́n bá ti ń dán ẹ̀rọ tuntun wò máa lo ìwọ̀nba iná tí ẹ̀rọ náà ń fà nìkan, òun ló kó àwọn agé-wáyà wá sílé ìyá Ìbídùnní láti dán ẹ̀rọ rẹ̀ kan wò. Ó rí ẹ̀rọ tí ìyá náà fi ń mí, síbẹ̀ ó ní, "Ìwọ̀nba tó kù á tó yín, màmá." Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí màmá fi kú.

"Ó dáa gan-an, sà," Ìbídùnní wí. "Ó ku ilé tí a ó ti dán an wò. Iná tí ẹ̀rọ yìí ń fà nìkan ni ilé náà máa rí lò fún ọdún kan."

"Ẹ mú ilé tálákà kan, mà, bá a ṣe máa ń ṣe é."

Ìbídùnní tẹ àdírẹ́sì kan, ó jẹ́ kó rí i.

"Ilé mi kẹ̀? Ooru á pa wá, mà!"

Ìbídùnní lu òǹtẹ̀ sí ìwé àṣẹ ìdánwò náà. "Ìwọ̀nba tó kù á tó yín, sà."